Ọdún 1911 ní Wales: adé ní Caernarfon, ìbọn ní Llanelli

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Cardiff ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi èdè Welsh kọ́mọ ni ọmọbìnrin mi ń lọ. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ọdún 1911, ó ní ọdún yẹn ni wọ́n fi ọmọ ọba joyè ní Caernarfon, tí gbogbo Wales ń yọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó múlé tì wá, ọmọ Llanelli, gbọ́ ọ, ó mirí, ó ní ọdún tí ṣójà yìnbọn pa ọmọ ọlọ́mọ ni òun mọ 1911 sí. Èwo ni kí ọmọ mi kọ?”

Ẹ ṣeun, màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí ó kọ méjèèjì. Olùkọ́ ò purọ́, bàbá ará Llanelli náà ò sì purọ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì péré ló wà láàárín ohun tí olùkọ́ ń sọ àti ohun tí bàbá ń sọ, ọkùnrin méjì kan náà sì ni ẹ ó bá nídìí ọ̀rọ̀ méjèèjì: David Lloyd George àti Winston Churchill, mínísítà méjì nínú ìjọba Bìrìtìkó. Ohun tó mú kí 1911 ṣòro láti sọ fọ́mọdé nìyẹn. Àwọn tó ṣètò adé ní oṣù Keje ni ìjọba tó kó ṣójà jáde ní oṣù Kẹjọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi adé bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, nínú ilé olódi Caernarfon létí òkun ní àríwá Wales, Ọba George Karùn-ún dé ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, Edward, ládé, níṣojú Olorì Mary àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n dé ọba fúnra rẹ̀ ládé ní London. Ọmọ ọdún 17 ni Edward. Oyè Prince of Wales tí wọ́n fi jẹ yìí, ojú Àrẹ̀mọ ni kí ẹ fi wò ó. Ó ti wà láti ọdún 1301, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń fi lé ọmọ ọba lórí láti ayébáyé. Ayẹyẹ tí wọ́n pè ní àṣà àtayébáyé ní Caernarfon, ọdún 1911 gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a.

Ta ló dá a? A. G. Edwards, bíṣọ́ọ̀bù St Asaph, ló kọ́kọ́ mú àbá rẹ̀ wá. Lloyd George ló gbé e dé ojú àmì. Ohun tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀tá ni àwọn méjèèjì nínú òṣèlú. Ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọ tí òfin mọ̀ ní Wales nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ilé ìjọsìn tiwọn, tí wọ́n ń pè ní chapel, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olùjọsìn ń lọ. Lloyd George fẹ́ gba ipò náà lọ́wọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì, bíṣọ́ọ̀bù sì fi gbogbo agbára rẹ̀ takò ó. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ayẹyẹ, wọ́n jọ ṣe é. Nígbà tí òfin tí bíṣọ́ọ̀bù ń sá fún sì wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1920, òun náà ni wọ́n fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ Wales. Òṣèlú ò ní ọ̀tá ayérayé o.

Lloyd George ni aṣòfin tó ń ṣojú Caernarfon láti 1890. Òun náà ló di oyè olùtọ́jú ilé olódi yẹn mú, òun sì tún ni mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Bìrìtìkó. Arákùnrin ìyá rẹ̀ tó ń ran bàtà ní abúlé Llanystumdwy ló tọ́ ọ dàgbà. Láti 1909 tó ti gbé owó orí lé àwọn olówó àti onílẹ̀ lórí, orúkọ burúkú ni wọ́n ń pè é ní ilé àwọn ọlọ́lá. Lójú tèmi, ọjọ́ tí ọmọ tí aránbàtà tọ́ fi gba ọba lálejò nílùú ara rẹ̀ ni 13 oṣù Keje jẹ́ fún un, ju ọjọ́ Edward lọ. Ó tiẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ọmọ ọba ní gbólóhùn díẹ̀ ní èdè Welsh kó lè rí nǹkan sọ. Ọ̀kan nínú wọn ni “Môr o gân yw Cymru i gyd”, èyí tó túmọ̀ sí pé òkun orin ni Wales látòkèdélẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín pè é fún yín dáadáa, ó dùn létí.

Ní ti ọmọ ọba, aṣọ ni ìṣòro tirẹ̀. Ṣòkòtò sátíìnì funfun ni wọ́n wọ̀ fún un, wọ́n sì gbé agbádá àrán elésè àlùkò lé e. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹ̀rù ń ba òun kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun nínú ọmọ ogun ojú omi má rí òun báyìí. Adé, òrùka àti ọ̀pá àṣẹ tó gbà, iṣẹ́ ọnà Goscombe John, agbẹ́gilére ọmọ Cardiff, ni, wúrà tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ Wales ni wọ́n sì fi rọ wọ́n. Churchill, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ló dìde láti ka ìwé àṣẹ oyè náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé. Ẹ di orúkọ yẹn mú o, a ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ Wales ló pàtẹ́wọ́. Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé olódi Caernarfon ní 1283, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Llywelyn ap Gruffudd, ẹni ìkẹyìn tí àwọn ọmọ Wales kà sí olórí ilẹ̀ wọn. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó ṣẹ́gun yín kọ́ odi láti fi ṣọ́ yín, lẹ́yìn nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ó lé díẹ̀, wọ́n ní kí ẹ wá jó nínú odi náà. Keir Hardie, aṣòfin tó ń ṣojú Merthyr fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, sọ ọ́ kedere pé ìrántí ìjẹgàba ni ayẹyẹ náà, kò sì yẹ kó wú ẹnikẹ́ni lórí ní Wales. Ohùn rẹ̀ kò borí ìlù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín kọ “gbogbo Wales ń yọ̀” sílẹ̀. Ẹ ní kó kọ “ọ̀pọ̀”.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, àwọn ìwé ọmọdé kì í sábà sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló kù nílẹ̀ di òní. Ní ọjọ́ 14, ọba ṣí ilé tuntun ilé ẹ̀kọ́ gíga Bangor. Ní ọjọ́ 15, ó fi òkúta ìpìlẹ̀ Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Wales lélẹ̀ lórí òkè ní Aberystwyth. Àwọn tó ń fọ́ òkúta síléètì lórí òkè ló ń yọ kọ́bọ̀kọ́bọ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn láti fi dá ilé ẹ̀kọ́ Bangor sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ síléètì agbègbè náà kan náà ni wọ́n yanṣẹ́ lódì ní Bethesda láti 1900 sí 1903, tí ebi pa wọ́n, tí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ fèrèsé ilé wọn pé kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú ilé yìí. Irú èèyàn tí ebi ń pa tó ṣì ń dáwó kí ọmọ ẹlòmíràn lè kàwé, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn ìlú wa ṣe máa ń dáwó rán ọmọ lọ sókè òkun láyé àtijọ́, ẹ ó mọ̀ wọ́n.

Ìtàn ilé ìkàwé yẹn tún ní ìjà tirẹ̀ nínú. Ọjọ́ kan náà, 19 oṣù Kẹta 1907, ni Edward Keje, ọba tó ṣáájú George, buwọ́ lu ìwé àṣẹ ilé ìkàwé àpapọ̀ àti ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àpapọ̀. Cardiff fẹ́ méjèèjì. Sir John Williams, dókítà tó ti tọ́jú ìdílé ọba rí, ló ba ète Cardiff jẹ́. Ó ti ra àwọn ìwé àfọwọ́kọ Peniarth, àwọn ìwé Welsh tó pẹ́ jù lọ, títí kan Ìwé Dúdú ti Carmarthen. Ó ní òun yóò fi wọ́n ta ìlú lọ́rẹ, bí wọ́n bá lè kọ́ ilé ìkàwé náà sí Aberystwyth. Kí ni Cardiff ì bá fọ̀? Wọ́n mú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, Aberystwyth mú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Cardiff, ilé ńlá aláwọ̀ funfun tó wà ní Cathays Park yẹn ni ìpín tiyín, ní 1912 sì ni Ọba George fi òkúta ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lélẹ̀.

Òkúta nìkan kì í ṣe ilé ìkàwé. Ohun tó sọ ti Aberystwyth di ilé ìkàwé tòótọ́ ni òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe lọ́dún náà, tí ọba buwọ́ lù ní 16 oṣù Kejìlá. Òfin náà ló fi Aberystwyth kún àwọn ilé ìkàwé tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Bìrìtìkó lọ́fẹ̀ẹ́. Títí di òní, bí ọmọ Yorùbá kan bá tẹ ìwé ewì jáde ní Peckham lọ́la, Aberystwyth lè ní kí wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́. Ẹ wo orílẹ̀-èdè kékeré tí kò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀ nígbà náà, tí kò ní ọba tirẹ̀, tó wá ní ilé ìkàwé tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú 1911, òun ni mo máa mú, mo sì máa fi adé sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé mú mi dé ọ̀rọ̀ èdè, nítorí ilé ìwé ọmọ yín. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1911, wọ́n ka èèyàn. (Àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò kọ̀ kí wọ́n ka àwọn. Wọ́n ní bí ìjọba ò bá kà wá sí nígbà ìbò, kó má kà wá nígbà ìkànìyàn.) Nígbà tí iye jáde, àwọn 977,366 ló ní àwọn ń sọ èdè Welsh. Kò sí ìkànìyàn kankan, ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tí iye wọn tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró ná kí ẹ tó yọ̀. Ní 1901, 929,824 ni wọ́n, ìyẹn ìdá 49.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1911, iye gòkè, ṣùgbọ́n ìdá wọn já sí 43.5. Èdè náà ń pọ̀ sí i, ó sì ń dínkù lẹ́ẹ̀kan náà. Èédú ló fa méjèèjì. Iṣẹ́ èédú ló jẹ́ kí àwọn ọmọ Wales rí oúnjẹ jẹ nílé láìṣẹ̀ṣẹ̀ rìn lọ sí Amẹ́ríkà, tí èdè wọn fi ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ èédú kan náà ló fa àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Ireland wọ àfonífojì gúúsù bí omi. Rhondda nìkan ti ju èèyàn 152,000 lọ ní 1911, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ló fi lé ní 113,000 lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú. Nígbà tí ọmọ àlejò àti ọmọ onílé bá jọ ń ṣeré lójú pópó, èdè tí owó ń sọ ni wọ́n jọ ń sọ. Àwa náà mọ̀ ọ́n ní Èkó.

Àwọn akéwì wọn náà rí i. Àjọ̀dún tí wọ́n ń pè ní Eisteddfod, níbi tí wọ́n ti ń díje nínú ewì àti orin, Carmarthen ni wọ́n gbé e lọ ní 1911. Ẹ̀bùn ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Àga ni fún ẹni tó bá fi òfin ewì àtijọ́ kéwì, adé ni fún ẹni tó bá kéwì lọ́nà tó rọrùn jù. Orúkọ àdàpè ni akéwì fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, tí adájọ́ kò fi ní mọ ọmọ ẹni tó kọ ọ́. Bí wọ́n bá pe orúkọ àdàpè náà, ẹni tó ni ín á dìde láàárín èrò, fèrè á máa dún. Wọ́n á fa idà yọ díẹ̀ nínú àkọ̀ lórí rẹ̀, olórí àwọn akéwì á bi àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé àlàáfíà wà. Gbogbo ìlú á dáhùn pé “Heddwch!”, àlàáfíà! Lẹ́yìn náà ni idà á padà sínú àkọ̀.

Ẹ wá wo àkọlé tí wọ́n fún àwọn akéwì lọ́dún náà. Ti àga ni Edward Keje, ọba tó wàjà ní 1910, William Roberts tí wọ́n ń pè ní Gwilym Ceiriog ló sì gbà á. Ti adé ni “Gwerin Cymru”, mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Wales, Crwys ló sì gba ìyẹn, lẹ́yìn tó ti gba adé ọdún tó ṣáájú. Ọba lápá kan, mẹ̀kúnnù lápá kejì, nínú àjọ̀dún kan náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún méjèèjì. Bí ọmọ yín bá ń wá àwòrán tó jọ 1911 jù lọ, ẹ fún un ní èyí. Llanelli sì wà nínú ẹkùn Carmarthen kan náà tí wọ́n ti ń dáhùn pé àlàáfíà wà.

Àlàáfíà ò sí. Láti oṣù Kẹsàn-án 1910 ni iná ti ń jó ní Rhondda. Ní kòtò Ely ní Penygraig, iye tí wọ́n máa san lórí tọ́ọ̀nù èédú kan nínú ipele tuntun kan ló dìjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ibi tó ṣòro láti wà ni, kí wọ́n san ṣílè méjì àti sísì. Ilé iṣẹ́ ní ṣílè kan àti kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án. Wọ́n ti gbogbo òṣìṣẹ́ kòtò náà síta, nǹkan bí 950, títí kan àwọn tí ọ̀rọ̀ ipele náà ò kàn. Kò pẹ́ tí àwọn 12,000 fi dẹ́kun iṣẹ́ ní gbogbo kòtò ilé iṣẹ́ Cambrian. Ní oṣù Kọkànlá, ìlú Tonypandy gbóná, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́pàá fi kùmọ̀ lu èèyàn, Samuel Rays, awakùsà kan, kú. Churchill rán ọlọ́pàá láti London, ó sì rán ṣójà tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n ń fi wúrà rọ adé Edward, àwọn awakùsà yìí ṣì wà nílé. Ebi ló lé wọn padà sínú kòtò ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn 1911, lórí ṣílè méjì àti tọ́rọ́, iye tí wọ́n ti kọ̀ kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan gbáko lọ sórí tọ́rọ́ kan tí wọn ò tilẹ̀ rí gbà.

Ìlú yín Cardiff náà ò sinmi. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, àwọn atukọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ èbúté yanṣẹ́ lódì. Àwọn onílé iṣẹ́ ọkọ̀ ń fi atukọ̀ ará Ṣáínà rọ́pò wọn. Ní 20 oṣù Keje, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ayẹyẹ Caernarfon, àwọn èèyàn lọ fọ́ àwọn ilé ìfọṣọ àwọn ará Ṣáínà nínú ìlú. Ẹni tó ń fọ aṣọ kì í ṣe ẹni tó ń wa ọkọ̀, kò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àlejò ni, ìyẹn náà tó. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò ní Cardiff lónìí á ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú àròkọ ọmọ yín.

Ó wá kan Llanelli. Ìlú páànù ni, gbogbo ayé ló ń ra páànù wọn. Ní 17 oṣù Kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé jákèjádò Bìrìtìkó dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn jọ ṣe é. Owó wọn kéré, wákàtí iṣẹ́ wọn gùn, àwọn ilé iṣẹ́ reluwé kò sì fẹ́ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó sọ̀rọ̀. Ní Llanelli, àwọn òṣìṣẹ́ páànù tó pọ̀ jù wọ́n lọ tú jáde láti tì wọ́n lẹ́yìn, wọ́n dúró sójú irin, ọkọ̀ ò lè kọjá. Churchill kó ṣójà jáde sí ibi púpọ̀ láìdúró kí àwọn aláṣẹ ìlú béèrè fún wọn, èyí tó lòdì sí àṣà.

Ní ọ̀sán Sátidé, 19 oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ kan rí àyè kọjá. Àwọn èèyàn lé e bá, wọ́n gòkè, wọ́n pa iná ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ṣójà Worcestershire dé, ọ̀gágun wọn ni Major Brownlow Stuart. Ojú irin wà nísàlẹ̀, èrò dúró lórí bèbè lápá ọ̀tún àti lápá òsì, òkò ń bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ka òfin ìrúkèrúdò, àwọn èèyàn ò kúrò, Stuart ní kí àwọn ṣójà yìnbọn.

Wọ́n pa John John, ọmọ ọdún 21, òṣìṣẹ́ páànù tí ìlú mọ̀ nídìí rọ́gíbì. Wọ́n pa Leonard Worsell, ọmọ ọdún 19, ẹni tí kò sí nínú ìyanṣẹ́lódì rárá. Ọmọ London ni, ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe é, ilé ìwòsàn ló ti wá lo òpin ọ̀sẹ̀ nílé. Ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ló wà tó ń fá irùngbọ̀n. Bàbá tó múlé tì yín pè é ní ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́.

Ṣójà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Harold Spiers. Wọ́n ní kó yìnbọn, kò yìn ín. Kò gbọ́ òwe wa rí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n tì í mọ́lé. Lọ́wọ́ alẹ́, inú bí ìlú, wọ́n kó ẹrù inú reluwé, wọ́n tanná sí i. Ohun abúgbàù kan wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ẹrù náà, ó bú, ó tún pa àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ikú àwọn ọmọkùnrin méjì náà, ìdájọ́ tó jáde ni pé òfin fàyè gba pípa tí wọ́n pa wọ́n.

Ní London, alẹ́ ọjọ́ kan náà, Lloyd George jókòó láàárín àwọn onílé iṣẹ́ reluwé àti àwọn aṣojú òṣìṣẹ́, ó rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi fọwọ́ síwèé. Kí aago méjìlá òru tó lù, ìyanṣẹ́lódì ti parí. Òkú méjì ti wà nílẹ̀ ní Llanelli láti ọ̀sán.

Alẹ́ yẹn kan náà ni àwọn kan ní Tredegar, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù. Ó ràn dé Ebbw Vale àti Rhymney, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló gbà kí ṣójà tó lè paná rẹ̀. Àwọn kan ní owó ilé tó wọ́n ló fà á. Mi ò gba ìyẹn gbọ́ pátápátá: àwọn onílé tí kì í ṣe Júù ò kéré, wọn ò sì fọ́ tiwọn báyẹn.

Kí ọmọ yín má bàa rò pé ìbànújẹ́ nìkan ni, ẹ sọ fún un pé ní oṣù Kẹta ọdún náà Wales na Ireland ní 16 sí 0 ní Cardiff, wọ́n sì borí gbogbo orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá gbá rọ́gíbì. Irú rẹ̀ ò tún ṣẹlẹ̀ mọ́ títí di 1950.

Ọdún náà sì tún ní ẹsẹ̀ kan ní oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 16, ọjọ́ tí ọba buwọ́ lu òfin ìwé Aberystwyth, ló tún buwọ́ lu òfin ìbánigbófò tí Lloyd George gbé kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ á máa san kọ́bọ̀ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á fi tọ́rọ́ kún un, ìjọba á fi kọ́bọ̀ méjì. Bí ó bá ṣàìsàn, á rí owó gbà, á sì rí dókítà. Ìtọ́jú àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe wà nínú rẹ̀. Àìsàn Leonard Worsell nìyẹn. Mo máa ń dúró síbẹ̀ nígbà gbogbo tí mo bá ń kọ́ni lórí ọdún yìí: ìjọba kan náà tí ṣójà rẹ̀ pa á ní oṣù Kẹjọ ṣòfin ní oṣù Kejìlá tí ì bá tọ́jú rẹ̀.

Ó ku ti àwa Yorùbá, nítorí ẹ lè rò pé kò sí wa nínú rẹ̀. Ní Colwyn Bay, tí kò jìnnà sí Caernarfon, William Hughes, míṣọ́nnárì ọmọ Wales tó ti ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà láti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀sìn, kí wọ́n sì padà sílé. Mojola Agbebi, ọmọ Iléṣà, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, wà lára àwọn tó bá Hughes ṣe é. Agbebi wà ní London ní oṣù Keje 1911 fún àpérò gbogbo ẹ̀yà ayé, nígbà tí ìròyìn Caernarfon ṣì gbóná. Ní oṣù Kejìlá, ìwé ìròyìn London kan kọ ọ̀rọ̀ tó kún fún ẹ̀gàn àwọ̀ dúdú nípa ilé ẹ̀kọ́ náà. Hughes gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó pàdánù, owó tán, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa ní 1912. Àwọn ọmọ Kóńgò méjì tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e dé, Kinkasa àti Nkanza, inú ilẹ̀ Wales ni wọ́n sin wọ́n sí.

Bí èmi ni mo ń kọ àròkọ náà, ọjọ́ 13 oṣù Keje ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, mo sì máa kọ orúkọ ẹni tó ka ìwé àṣẹ lọ́jọ́ náà síbẹ̀, kí olùkọ́ lè tún bá a pàdé lójú ìwé kejì. Kí ọmọ yín sì mú tábìlì ìkànìyàn dání lọ bá bàbá ará Llanelli, kó fi èdè Welsh bi í bóyá ilé wọn wà lára àwọn 977,366 náà. Lọ́dọọdún ní oṣù Kẹjọ, àwọn ará Llanelli máa ń ṣe ìrántí John John àti Leonard Worsell. Reluwé ń lọ tààrà láti Cardiff, ẹ lè mú ọmọ yín dání lọ.